Ẹ gbà mí nímọ̀ràn o: alága ní ètò tí a ń ṣe kí àwọn ọmọ àdúgbò má baà mu oògùn olóró kò ṣiṣẹ́

Bọ̀dá Wálé:
Ẹ̀yin àgbà inú ẹgbẹ́ yìí, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Láti Sátidé ni inú mi ò ti dùn, oorun ò kùn mí mọ́. Àdúgbò wa ò jìnnà sí Mápó. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí èmi àti àwọn mẹ́ta kan ti ń ṣe ètò fún àwọn ọ̀dọ́ kí wọ́n má baà kó sínú igbó, trámà (oògùn ara ríro tí wọ́n ń ṣì lò) àti kolorádò (ayédèrú igbó tí wọ́n fi kẹ́míkà ṣe). Bọ́ọ̀lù wà níbẹ̀, ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀, a sì ti fi àwọn kan sẹ́nu iṣẹ́ ọwọ́. Owó tí ẹgbẹ́ onílé ń dá àti èyí tí ọmọ àdúgbò kan ń fi ránṣẹ́ láti Kánádà la fi ń ṣe é.

Ní ìpàdé Sátidé, alága àwọn onílé dìde láàrin èrò, ó ní kí n fi ẹ̀rí hàn pé ètò yìí ti gba ọmọ kan ṣoṣo là, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kí wọ́n fi owó rẹ̀ gbẹ́ gọ́tà. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀! Èmi tí mò ń ti ṣọ́ọ̀bù mi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ nítorí ọmọ ọlọ́mọ! Jẹ́sì tí àwọn ọmọ yẹn ń wọ̀, ìyàwó mi ló rán nọ́ńbà sẹ́yìn rẹ̀, kò gba kọ́bọ̀. Mo kó fọ́tò lọ síbẹ̀, mo kó ìwé orúkọ lọ. Mo ní ẹ wò ó, ọmọ 41 ló wà nínú ìwé wa báyìí, kò sí ẹyọ kan tó ń mu nǹkan kan nínú wọn. Alága ní ìyẹn kì í ṣe ẹ̀rí. Kò sẹ́ni tó gbè mí lẹ́yìn, títí kan àwọn tí ọmọ wọn ń jẹ ìrẹsì wa. Ará Kánádà náà ti gbọ́, ó ní kí n kọ àbọ̀ ránṣẹ́ kí òun tó tún fi owó sílẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni wọ́n ṣe ń fi hàn pé irú ètò báyìí ṣiṣẹ́? Ṣé kí n sì gbé ọ̀rọ̀ alága náà lọ sọ́dọ̀ Mọ́gàjí? Ó tàbùkù mi.

Ìyá Ìbejì Àpáta:
Ẹ kú iṣẹ́ ìlú o, Bọ̀dá Wálé. Ọlọ́run á san yín lẹ́san rere. Ẹni tí irú nǹkan yìí ò bá tíì wọlé rẹ̀ ló lè ní kí wọ́n lọ gbẹ́ gọ́tà. Àbúrò mi ọkùnrin, kódín, oògùn ikọ́ yẹn, ló ń mu. Nígbà tí ìjọba fòfin de ṣíṣe kódín olómi àti kíkó o wọlé ní oṣù karùn-ún 2018, a dúpẹ́, a ní ó ti parí. Kò parí o. Ó bọ́ sórí trámà. Á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, á máa fi èékánná ha apá títí á fi bẹ́jẹ̀, tí mo bá bi í, á ní ẹ̀fọn ló jẹ òun. Ọ̀sán gangan! Màmá wa ò mọ nǹkan kan, wọ́n ń ra ọṣẹ dúdú fún un pé èélá ni. Ẹ má dá alága yẹn lóhùn, ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ.

Tísà Mọ́níyà:
Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sòótọ́. Ẹ ò sọ ọjọ́ orí àwọn ọmọ náà fún wa. Ẹ ò sọ iye àwọn tó ń mu ún kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ ò sọ ohun tí ẹ ń kọ́ wọn. Jẹ́sì àti ìrẹsì nìkan ni mo kà. Ìyẹn fi hàn pé ẹ ṣiṣẹ́, kò tíì fi hàn pé iṣẹ́ náà jẹ́.

Alhaji Onímọ́tò:
Tísà, ẹ rọra bá ọkùnrin yìí sọ̀rọ̀. Ó kéré tán, ó ṣe nǹkan. Àwọn tó kàwé nínú yín, kí lẹ ṣe ní àdúgbò tiyín? Bí ẹ bá bi èmi, ẹgba ni oògùn rẹ̀. Nígbà tiwa, ọmọ tó bá fa igbó, àdúgbò ló ń nà án kí bàbá rẹ̀ tó dé.

Bọ̀dá Wálé:
Ẹ ṣé, Alhaji. Tísà, láti ọmọ ọdún 13 títí dé 22 ni wọ́n. Ẹ̀kọ́ wa kì í ṣe ẹ̀kọ́ yẹpẹrẹ. A pe ọlọ́pàá kan, ó fi fọ́tò àwọn tí orí wọn dàrú hàn wọ́n. A mú ọkùnrin kan wá tó ti wà nínú rẹ̀ rí, ó jẹ́rìí bí ó ṣe bọ́. Pásítọ̀ sọ̀rọ̀, Ààfáà sọ̀rọ̀. Ẹ bá rí bí àwọn ọmọ ṣe ń sunkún lọ́jọ́ náà.

Nọ́ọ̀sì Yemẹtu:
Bọ̀dá Wálé, ẹ má bínú sí mi, inú iṣẹ́ yìí ni mo wà. Ìlànà tí UNODC, àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ oògùn olóró, àti WHO, àjọ ìlera àgbáyé, jọ gbé jáde lórí dídènà oògùn olóró, tí ẹ̀dà kejì rẹ̀ jáde ní 2018, ka àwọn nǹkan tí kì í so èso rere, tó tiẹ̀ lè bà á jẹ́ sí i: kí ẹnì kan dúró máa sọ̀rọ̀ kí àwọn ọmọ kàn jókòó máa gbọ́, kí wọ́n máa dẹ́rù bà wọ́n, kí wọ́n mú ẹni tó ti mu ún rí wá jẹ́rìí, kí wọ́n fi ọlọ́pàá ṣe olùkọ́. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ ti ṣe. Ọmọ tó gbọ́ ẹ̀rí ọkùnrin yẹn lè gbà á pé èèyàn lè mu ún tẹ́rùn kó sì bọ́ níbẹ̀. Ẹkún ọjọ́ kan ò sọ ohun tí ọmọ máa ṣe tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá na igbó sí i ní alẹ́ ọjọ́ kejì. Ìyẹn gan-an ló yẹ kó fẹnu ara rẹ̀ dánra wò lọ́dọ̀ yín: kí ló máa wí, báwo ló ṣe máa kúrò níbẹ̀ tí wọn ò fi ní fi í ṣẹ̀sín.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe kékeré nílẹ̀ wa. Ìwádìí tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà ní 2017 rí i pé èèyàn mílíọ̀nù 14.3, láti ọmọ ọdún 15 sí 64, ló lo oògùn olóró láàrin ọdún kan, ọtí àti sìgá ò sì sí nínú ẹ̀. Apá ìwọ̀-oòrùn gúúsù tiwa yìí ló pọ̀ jù: ó lé ní 22 nínú 100.

Alhaji Onímọ́tò:
Nọ́ọ̀sì, ṣé ẹ ń sọ pé kí àwọn ọmọ má bẹ̀rù ọlọ́pàá mọ́ ni? Òyìnbó ló kọ ìwé yẹn. Òyìnbó ò mọ ọmọ Ìbàdàn.

Ọmọ Ìbàdàn ní Jámánì:
Alhaji, ẹ jọ̀ọ́ sà, òyìnbó náà ló kọ́kọ́ ṣe ti ọlọ́pàá yẹn, kò sì bọ́ sí i fún wọn. Amẹ́ríkà ni. D.A.R.E. ni wọ́n ń pè é, Los Angeles ló ti bẹ̀rẹ̀ ní 1983. Ọlọ́pàá ń wọ kíláàsì lọ kọ́ àwọn ọmọ, ẹ̀wù tí wọ́n kọ D.A.R.E. sí sì wà lọ́rùn ọmọ káàkiri ìlú. Nígbà tí àwọn onímọ̀ wá ṣe ìwádìí, àwọn tó gba ẹ̀kọ́ náà àti àwọn tí kò gbà á, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ìyàtọ̀ láàrin wọn.

Áíslándì ló rí i ṣe. Ní 1998, nínú 100 ọmọ ọdún 15 sí 16 níbẹ̀, 42 ló sọ pé àwọn mutí yó láàrin oṣù kan. Nígbà tó fi di 2016, ó ti wálẹ̀ sí 5. Wọ́n ń bi àwọn ọmọ léèrè léraléra, láìkọ orúkọ ẹnikẹ́ni. Wọ́n ń gbé èsì rẹ̀ fún òbí àti ilé ìwé. Àwọn òbí fẹnu kò pé ọmọ ò gbọdọ̀ pẹ́ níta lálẹ́, ìjọba sì ń bá wọn san nínú owó eré ìdárayá. Bọ́ọ̀lù yín dáa, Bọ̀dá Wálé, ṣùgbọ́n àwọn òbí dà?

Alhaji Onímọ́tò:
Áíslándì mélòó ló wà nínú Ìbàdàn? Gbogbo ìlú wọn ò tó èrò ọjà Bódìjà.

Ìyá Ìbejì Àpáta:
Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ ká jà. Òótọ́ ni Ọmọ Ìbàdàn sọ lórí ọ̀rọ̀ òbí. Ká ní màmá wa mọ ohun tí wọ́n ń wò lápá àbúrò mi ni, bóyá a ò bá tètè rí i mú.

Bọ̀dá Wálé:
Ẹ ń sọ̀rọ̀ bíi pé a ò béèrè nǹkan kan. A béèrè. Kọ́pà kan bá wa ṣe ìwé ìbéèrè kí a tó bẹ̀rẹ̀. Ọmọ kọ̀ọ̀kan kọ orúkọ rẹ̀ àti ilé wọn sí i, èmi fúnra mi ni mo gbà á lọ́wọ́ wọn. Gbogbo wọn ló kọ ọ́ pé àwọn ò mu nǹkan kan rí.

Tísà Mọ́níyà:
Orúkọ àti ilé! Ọmọ wo ló máa kọ ọ́ sílẹ̀ fún ẹni tó ń darí ètò pé òun ń fa igbó?

Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe yẹ ètò kan wò nílẹ̀ wa níbí. Unplugged lorúkọ rẹ̀, ẹ̀kọ́ 12 ni, UNODC ló mú un wá sí àwọn ilé ìwé wa. Wọ́n pín àwọn ilé ìwé sí ọ̀nà méjì, wọ́n kọ́ apá kan, wọ́n fi apá kejì sílẹ̀ ná, wọ́n sì bi àwọn méjèèjì ní ìbéèrè kan náà ṣáájú àti lẹ́yìn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti rí i pé ọtí mímu kéré lọ́dọ̀ àwọn tí wọ́n kọ́. Ẹ̀yin náà lè bi àwọn ọmọ àdúgbò kejì tí kò ní ètò kankan. Bí tiwọn náà bá dín kù bíi tiyín, a jẹ́ pé nǹkan mìíràn ló fà á.

Ìbéèrè kan ṣì kù. Ẹ ní ọmọ 41 "báyìí". Mélòó ni wọ́n nígbà tí ẹ bẹ̀rẹ̀?

Bọ̀dá Wálé:
58.

Nọ́ọ̀sì Yemẹtu:
Àwọn 17 yòókù ńkọ́?

Bọ̀dá Wálé:
Àwọn kan kó kúrò ládùúgbò. Àwọn kan lọ kọ́ṣẹ́. Àwọn tó kù, a lé wọn. Òfin wa ni pé ẹni tí a bá ká nǹkan mọ́ lọ́wọ́, a ó ka orúkọ rẹ̀ ní pápá lójú gbogbo ẹgbẹ́, a ó sì gba jẹ́sì rẹ̀. Àgùntàn tó bá bá ajá rìn, á jẹ ìgbẹ́. Mi ò lè fi ọmọ mẹ́sàn-án ba 41 jẹ́. Ọmọ-ọmọ alága náà wà nínú wọn, ìdí ọ̀rọ̀ gan-an nìyẹn. Ọmọ ọdún 16. Alága wá sílé mi lálẹ́, ó ní kí n dákun, kí n gba ọmọ náà padà. Mo ní òfin ò mọ ọmọ alága. Ṣé mo ṣe é tì ni?

Tísà Mọ́níyà:
Ọ̀rọ̀ wá yé mi wàyí. Ẹ yọ àwọn tó ń mu ún kúrò nínú ìwé, ẹ wá ka àwọn tó ṣẹ́kù, ẹ ní kò sẹ́ni tó ń mu ún. Ètò tó kùnà pátápátá náà lè rí irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ kó jọ.

Nọ́ọ̀sì Yemẹtu:
Èyí tí ẹ ṣe yẹn ló dùn mí jù. Ọmọ ọdún 16 tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, pápá yẹn ló ṣẹ́kù fún un, ẹ sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ lójú ẹgbẹ́ rẹ̀. Níbo ni ó wà báyìí?

Bọ̀dá Wálé:
Wọ́n ní gáréèjì ló ń wà lálẹ́. Mi ò fojú ara mi rí i.

Alhaji Onímọ́tò:
Wálé, mo ti ń gbè ọ́ lẹ́yìn látàárọ̀. Èmi tí mo ní kí wọ́n nà wọ́n, mi ò ní kí wọ́n lé wọn. Tí a bá na ọmọ tán nígbà náà, ilé náà ló ń sùn. Àgbàlagbà wá bá ọ nílé lóru, ó bẹ̀ ọ́ nítorí ọmọ-ọmọ rẹ̀, o fi òfin lé e padà, o tún fẹ́ fẹjọ́ rẹ̀ sun Mọ́gàjí? Gáréèjì ni mo ti ń jẹun, mo mọ ohun tí wọ́n ń tà níbẹ̀ lálẹ́. Kì í ṣe ibi tí ọmọ ọdún 16 ti ń gbàgbé igbó.

Ìyá Ìbejì Àpáta:
Mo ti sọ pé kí ẹ má dá alága lóhùn. Mo kó ọ̀rọ̀ mi jẹ o. Ọmọ àwọn èèyàn!

Bọ̀dá Wálé:
Ó ti wá dà bíi pé èmi ni mo fún wọn ní igbó. Àwọn òbí yòókù ló ní kí n lé wọn, ìyá méjì sọ pé àwọn máa yọ ọmọ àwọn tí mi ò bá lé wọn. Bí mo bá kọ gbogbo èyí sí ará Kánádà, ṣé ó tún máa fi owó ránṣẹ́?

Ọmọ Ìbàdàn ní Jámánì:
Èmi náà ń fi owó ránṣẹ́ sílé, mo lè dáhùn ìyẹn. Bí ẹ bá fi fọ́tò 41 ránṣẹ́ sí mi tí mo wá gbọ́ ti àwọn mẹ́sàn-án lẹ́nu ẹlòmíràn, owó tán nìyẹn. Bí ẹ bá sọ pé 58 la mú, mẹ́sàn-án ló bọ́ lọ́wọ́ wa, bí a ṣe fẹ́ wá wọn rèé, màá fi owó kún un.

Nọ́ọ̀sì Yemẹtu:
Ẹ wá àwọn mẹ́sàn-án náà kí ẹ tó kọ ohunkóhun. NDLEA, àjọ ìjọba tó ń gbógun ti oògùn olóró, kì í ṣe ti mímú èèyàn nìkan, wọ́n ní àwọn tó ń gba èèyàn nímọ̀ràn, nọ́ńbà wọn sì jẹ́ ọ̀fẹ́. Èyí tó bá ti wọ̀ lára, ẹ gbé e wá sí ẹ̀ka ìtọ́jú ọpọlọ ní UCH, ilé ìwòsàn ńlá Ìbàdàn. Ẹ má mú ọlọ́pàá dání lọ bá wọn o. Ẹ mú ìyá wọn dání.

Tísà Mọ́níyà:
Ní ti ìwé ìbéèrè, ẹ má kọ orúkọ, ẹ má kọ ilé. Ọjọ́ orí nìkan. Kí wọ́n ká a, kí wọ́n sọ ọ́ sínú àpótí tí a dí, kí ẹ̀yin má sí nítòsí. Ẹ béèrè ohun tí wọ́n mu láàrin oṣù kan sẹ́yìn, kì í ṣe "ṣé o ti mu ún rí". Ẹ bi àwọn tí ẹ lé náà. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ẹ tún béèrè ohun kan náà. Àbọ̀ àkọ́kọ́ yẹn ò ní lè sọ pé ètò ṣiṣẹ́, ẹ má sì kọ ọ́ pé ó ṣiṣẹ́. Ibi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ló máa fi hàn.

Bọ̀dá Wálé:
Mo ti gbọ́. Mi ò tíì gbà pé alága ṣe dáadáa láti sọ ọ́ láàrin èrò. Ṣùgbọ́n màá lọ sí gáréèjì náà, Alhaji, bí ẹ bá lè bá mi lọ, nítorí wọn ò mọ̀ mí níbẹ̀. Tísà, ìwé ìbéèrè náà, ṣé Yorùbá ni kí n fi kọ ọ́? Ṣé kí n ya igbó àti kolorádò sọ́tọ̀?

Alhaji Onímọ́tò:
Lẹ́yìn ìṣáà ni kí o pè mí, Jímọ̀ọ̀. Bá ìyá ọmọ náà sọ̀rọ̀ ṣáájú.

Tísà Mọ́níyà:
Yorùbá ni, ẹ̀gbọ́n, orúkọ tí àwọn ọmọ fúnra wọn ń pè é ni kí ẹ lò. Ẹ ya igbó àti kolorádò sọ́tọ̀, ẹ ya trámà sọ́tọ̀. Ẹ fi paraga sí i. Ẹ gbé e wá síbí kí a bá yín wò ó kí ẹ tó lọ tẹ̀ ẹ́.