Bọ́tìnnì ìsanwó ń sápamọ́ lórí fóònù

Ẹ kú iṣẹ́ o. Àdìrẹ ni èmi àti ìyá mi ń tà ní Ìtòkú, l'Ábẹ́òkúta. Àwọn oníbàárà ń yan aṣọ lórí wẹ́ẹ̀bùsáìtì wa, àmọ́ tó bá ku owó sísan, wọ́n á pòórá. Mo ti dín àwòrán kù láti 4MB sí 200KB. Ó ń yára ṣí, síbẹ̀ wọn ò rà.

Lánàá mo ní kí àǹtí mi rà á lójú mi. Bí wọ́n ṣe ń tẹ àdírẹ́sì, kíbọọ̀dù fóònù bo bọ́tìnnì “Sanwó” tí mo fi kóòdù position: fixed dè mọ́ ìsàlẹ̀ ojú fóònù. Wọ́n ní, “Ó ti parí nìyẹn?” Mo gbé e sókè, ó tún lọ bo iye owó. (Lórí kọ̀ǹpútà, kò sí wàhálà kankan!)

Ṣé kí n tú u sílẹ̀ kó wà lẹ́yìn àdírẹ́sì ni, àbí ọ̀nà kan wà tí kíbọọ̀dù ò fi ní bò ó?