Oúnjẹ Íńdíà fún àgbà mẹ́fà: kajú ńkọ́?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Àgbà mẹ́fà ń gbéra láti Abẹ́òkúta lọ jẹun alẹ́ ní ilé oúnjẹ Íńdíà olówó ńlá kan n'Íkẹjà. Láfún àti ọ̀fadà ló mọ́ wọn lára.

Ohun tí mo ní lọ́kàn: ọbẹ̀ mẹ́ta tí gbogbo wọn á jọ pín, biryani (ìrẹsì tí wọ́n fi èròjà sè) àwo méjì, naan (búrẹ́dì pẹlẹbẹ wọn) mẹ́fà. Dal gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, torí ẹ̀wà tí wọ́n sè yọ̀ ni, ó sún mọ́ gbẹ̀gìrì. Naan ni kí wọ́n máa gbé wá ní méjì méjì. Ara ògiri ààrò amọ̀ ni wọ́n ń lẹ̀ ẹ́ mọ́. Tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, ó máa ń wú, ojú rẹ̀ á jó díẹ̀díẹ̀, ó sì rọ̀. Tó bá tutù pẹ́nrẹ́n, ó ti yi bí awọ nìyẹn. Ní ti ata, omi kì í pa á, wàrà ló ń pa á, nítorí náà raita (wàrà kíkan tó tutù) abọ́ méjì.

Ibi tó ti ń kọ mí lóminú rèé: ara màmá kan nínú wọn kò gba kajú rárá, ètè wọn á wú. Wọ́n sì máa ń lọ kajú sínú korma (ọbẹ̀ wọn kan tó ki) àti ọ̀pọ̀ ọbẹ̀ adìẹ oníbọ́tà kó lè ki, ojú kò ní rí i. Ṣé kí n pe ilé ìdáná ṣáájú ni, àbí kí n sọ fún agbáwo nìkan? Tí ẹ̀rọ ìlọta bá jẹ́ ọ̀kan náà ńkọ́? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ilé ìdáná wọn, ọbẹ̀ wo ló dá yín lójú?