Èsì: "Ìwé ajogun"? Ta la fẹ́ bá jagun?

Ẹ kú ìjíròrò o, ẹ̀yin èèyàn mi.

Láti ọjọ́ Ẹtì ni mo ti ń ka lẹ́tà yín lórí orúkọ Yorùbá tí a ó fún ìwé ilé kan ní Amẹ́ríkà, mo sì panu mọ́. Àfi ìgbà tí Ẹ̀gbọ́n Ìjẹ̀bú kọ ọ́ lánàá pé ọ̀rọ̀ ti parí, pé "ìwé ajogun ìgbà-ayé tí a mú lágbára sí i" ni kí gbogbo wa máa pe enhanced life estate deed, ìwé tí àwọn èèyàn wa ní Texas fi ń fi ilé sílẹ̀ fún ọmọ. Bí mo bá dákẹ́ lórí èyí, tara mi á bá mi dákẹ́.

Ẹ̀gbọ́n, ajogun lẹ kọ, ẹ ò fi àmì kankan sí i. Ajogun tí mo mọ̀ ni ikú, àrùn, òfò, ẹ̀gbà àti àwọn ìyókù wọn tí à ń rúbọ lé jáde nílé. Ṣé irú ìwé yẹn ni ìyá arúgbó máa tọwọ́ bọ̀ sórí ilé tó fi ọgbọ̀n ọdún san owó rẹ̀ ní Houston? Ẹ ó ní ajogún lẹ ní lọ́kàn. Ó dáa. A- tó bẹ̀rẹ̀ ajogún, ẹni ló ń tọ́ka sí: apẹja, akọ̀wé, ajogún. Ìwé kì í jogún. Bí ẹ bá fẹ́ ohun tí a jẹ, àjogúnbá wà ńlẹ̀, ó sì lóhùn ìsàlẹ̀ tirẹ̀ lórí à-. Àmì ohùn kì í ṣe ìlẹ̀kẹ̀ tí a fi ń ṣoge.

Bẹ́ẹ̀, àmì ohùn kọ́ ló dùn mí jù. Mi ò fẹ́ rí ogún nínú orúkọ yẹn rárá.

Mo tẹ̀lé ìyá kan, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, lọ sọ́dọ̀ lọ́yà nílùú yìí kí n lè máa bá wọn túmọ̀. Lọ́yà tẹ́ ìwé sórí tábìlì, ó fi ìka hàn wọ́n ibi tí wọ́n máa fọwọ́ sí. Èmi náà, ẹnu ò jẹ́ ó sinmi, mo ní, "Màmá, ìwé ogún ilé yín rèé." Wọ́n ti ṣí ìdérí báírò tẹ́lẹ̀. Wọ́n dé e padà. Wọ́n wo ọmọ wọn obìnrin, wọ́n wo èmi, wọ́n ní, "Ta ló kú?"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ọmọ wọn ń wo ilẹ̀. Ó di kí n bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀: "Màmá, tiyín lilé yìí. Bó bá wù yín lọ́la kí ẹ tà á, ẹ tà á, ẹ ò bi ọmọ kankan. Bí ẹ bá fẹ́ fi dógò ní báńkì, ẹ fi dógò. Bí ọmọ yín yìí bá ṣẹ̀ yín, ẹ kọ ìwé mìíràn, ẹ fi orúkọ ẹlòmíì sí i. Ọjọ́ tí ẹ bá lọ nìkan ló tó di tirẹ̀, kò sì ní gba kóòtù kọjá." Wọ́n mí kanlẹ̀. "Ṣé èkù ṣì wà lọ́wọ́ mi náà nìyẹn? Kí ló dé tó ò tètè wí?" Ni wọ́n bá fọwọ́ sí i.

Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n sọ? Èkù. Bí ọwọ́ ọmọ ò bá tíì tẹ èkù idà, kì í bèèrè ikú tó pa baba rẹ̀. Ìyá tí kò kàwé rí fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo túmọ̀ ohun tí àwa ti fi lẹ́tà mẹ́tàdínlógún jà lé lórí.

"Mú lágbára sí i" yẹn wá ńkọ́? Kí ni wọ́n mú lágbára? Ṣé ògiri ni àbí páànù? Ẹ̀yà ìwé yìí tó wà tẹ́lẹ̀ fún bàbá ní ẹ̀tọ́ láti máa gbélé títí ọjọ́ ikú, àmọ́ lọ́jọ́ tó bá fẹ́ tà á, àfi kí ọmọ tó ti kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ wá bá a fọwọ́ sí i. Mélòó nínú wa lọmọ rẹ̀ á fọwọ́ sí i láìjà? Èyí tí à ń sọ yìí dá èkù padà sọ́wọ́ onílé. Ìyàtọ̀ wọn ò ju ìyẹn lọ. Ẹ ò wá rí i pé orúkọ tí kò bá fi ìyẹn hàn, gbédègbẹ́yọ̀ lásán ni?

Ẹ tún wo ohun tó mú un wúlò. Òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ti ọdún 1993 ní kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan máa gba owó tí Medicaid, ètò ìlera ìjọba fún aláìlówó, ná sórí àwọn tó ti tó ọmọ ọdún 55, ti ilé ìtọ́jú arúgbó pàápàá, padà lára ohun tí olóògbé fi sílẹ̀. Texas bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní 2005. Àmọ́ ní Texas, ohun tó bá gba ọ̀nà kóòtù bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọmọ ni wọ́n ń na ọwọ́ sí. Ilé tó bá ní ìwé yìí kì í gba ibẹ̀ kọjá. Kò di ogún rárá, ó fo ogún dá. Ẹ̀gbọ́n wá fẹ́ ká kọ ogún sí i níwájú orí! Ìyẹn ni kéèyàn sá mọ́ olówó èlé lọ́wọ́, kó tún máa súfèé.

Àbúrò wa ní London tó ní ká kúkú túmọ̀ orúkọ ìnagijẹ rẹ̀, Lady Bird deed, sí "ìwé Ìyá Ẹlẹ́yẹ": jọ̀ọ́, má pa wá. Ṣé o ò mọ àwọn tí à ń pè bẹ́ẹ̀ ni? Lady Bird, aya Ààrẹ Lyndon Johnson, ọmọ Texas tí wọ́n bí ní 1912, Claudia lorúkọ rẹ̀ gan-an. Alágbàtọ́ rẹ̀ ló ní ó rẹwà bíi ladybird; àwọn kan ní kòkòrò kékeré pupa tó ní àmì dúdú lẹ́yìn nìyẹn, àwọn mìíràn ní ẹyẹ ni. Ọkọ rẹ̀ ò sì fi irú ìwé bẹ́ẹ̀ fún un nílé, bí ẹnì kan ti kọ ọ́ síbí. Lọ́yà kan ní Florida ló fi orúkọ ìdílé wọn ṣe àpẹẹrẹ nígbà tó ń ṣàlàyé, lorúkọ bá lẹ̀ mọ́ ọn. Kò sì wọ́pọ̀ ní gbogbo Amẹ́ríkà. Texas, Florida, Michigan, Vermont àti West Virginia la ti mọ̀ ọ́n.

Bàbá wa n'Íbàdàn mú ìdí igi, kí a pín ogún ní iye ìyàwó, àti orí-ò-jorí, kí a pín in ní iye ọmọ, wọ̀ ọ́, wọ́n sì rán wa létí ẹjọ́ Dawodu àti Danmole, èyí tí kóòtù London gbà ní 1962 pé ìdí igi ṣì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Baba, mo dọ̀bálẹ̀. Àmọ́ ogún ni à ń fi ìdí igi pín. Ẹni tó fúnra rẹ̀ kọ orúkọ ọmọ tó fẹ́ sínú ìwé ti yọ ọ̀rọ̀ kúrò lọ́wọ́ mọ̀lẹ́bí. Bóyá ó dáa, bóyá kò dáa, mi ò tíì dá ìyẹn.

Ẹni tó pe ọmọ tí ilé ń bọ̀ wá bá ní "aláṣẹ́kù" sì ni mo fẹ́ bi léèrè: ṣé ìsàlẹ̀ ìkòkò ni? Èmi fẹ́ àrólé. Ẹ̀gbọ́n ní arólé ni, pé ẹni ló ń tọ́ka sí gẹ́gẹ́ bí ajogún tèmi lókè. Màmá mi àgbà, tí ò fojú kan ìwé gírámà rí, àrólé ni wọ́n ń wí, wọ́n á fa à- náà bí ìgbà tí èèyàn bá ń fa omi nínú kànga. Ohùn wọn ni mo fi ń wọn tiyín.

Ìwé elékù ni tèmi, oní àti èkù. Ẹ ó ní tí a ò bá fàmì sí i, ó di ìwé eléku, ti àwọn tó ń ta eku. Òótọ́ ni. Ẹ fàmì sí i.

Ẹ̀gbọ́n Ìjẹ̀bú, mò ń retí èsì yín lórí à- inú àrólé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tún fi iye ọdún tí ẹ fi kọ́ni ní Yorùbá dá mi lóhùn.

Ọmọ yín ní Houston