Fáìlì .txt fún slideshow: kí ló dé tí ffmpeg ò rí fọ́tò tó ní àmì ohùn lórúkọ?

ọmọ_olùkọ́

Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará. Màmá wa máa pé ọgọ́rin ọdún lóṣù tó ń bọ̀, èmi ni wọ́n sì gbé fídíò fọ́tò lé lọ́wọ́, èyí tí á máa yí lórí pírójẹ́ktọ̀ nígbà tí àwọn àlejò bá ń jẹun. Àwọn ápù orí fóònù tó ń lẹ orúkọ ara wọn mọ́ igun fídíò yẹn, mi ò fẹ́ ẹ, mo sì mọ àwọn ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n á máa ní ká gbé tibí lọ sọ́hùn-ún títí di alẹ́ tí òde máa kù ọ̀la, torí náà nǹkan tí mo lè yí padà láì tún gbogbo ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni mò ń wá. Ẹnì kan wá fi ffmpeg hàn mí, ètò tí wọ́n ń fi kọ́mándì ṣe fídíò, ó ní kí n to orúkọ àwọn fọ́tò sínú fáìlì .txt kan, kí n kọ iye sẹ́kọ́ńdì tí ìkọ̀ọ̀kan máa lò sábẹ́ ẹ̀, ó parí. Ohun tí mo kọ rèé:

```
ffconcat version 1.0
file 'mama_ilesa.jpg'
duration 6
file 'Ìgbéyàwó.jpg'
duration 6
file 'ọjọ́'bí.jpg'
duration 6
file 'mama_ode.jpg'
duration 8
```

Kọ́mándì tí mo lò lórí Ubuntu (irú Linux kan):

```
ffmpeg -f concat -i aworan.txt -pix_fmt yuv420p fidio.mp4
```

Ó kọ́kọ́ ní "Unsafe file name", mo fi `-safe 0` sí i, ìyẹn lọ. Ó wá ń sọ báyìí pé "No such file or directory" lórí Ìgbéyàwó.jpg, bẹ́ẹ̀ fọ́tò yẹn wà nínú fóldà yẹn gan-an, ojú mi ni mo fi ń wò ó. Tí mo bá yọ ọ́ kúrò, á tún há sórí èyí tó tẹ̀ lé e. Tí mo bá yọ àwọn méjèèjì, ó máa ń ṣiṣẹ́, àmọ́ fọ́tò tó gbẹ̀yìn kàn ń kọjá fìrí ni, kò lo sẹ́kọ́ńdì mẹ́jọ kankan. Àwọn fọ́tò tó ní àmì yẹn, orí Mac àtijọ́ kan tí ẹ̀gbọ́n mi ń lò ni wọ́n wà, ó fi wọ́n sínú zip ló fi ránṣẹ́ sí mi. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe?

ajé_ìlú

Yọ gbogbo àmì yẹn kúrò lórí orúkọ fáìlì jàre, kí o kọ ọ́ ní igbeyawo.jpg, wàhálà á tán. Kọ̀ǹpútà àti àmì Yorùbá ò lè gbé pọ̀.

bàbá_tẹ́mínà

@ajé_ìlú mi ò fara mọ́ ìyẹn o. Kọ̀ǹpútà ò ní ìjà kankan pẹ̀lú àmì wa, ó ti pẹ́ tí Unicode, ìlànà tó fún lẹ́tà gbogbo èdè ní nọ́ńbà tiẹ̀, ti yanjú ẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọmọ_olùkọ́ ni pé orúkọ méjì tó jọra lójú ni wọ́n, wọn ò jọra nínú. Tí ẹ bá tẹ é lórí kíbọ́ọ̀dù lórí Linux, ẹyọ lẹ́tà kan ló sábà máa ń jẹ́, báìtì c3 a9. Àwọn Mac àtijọ́ tó ń lo HFS+ (ètò tí Mac fi ń to fáìlì sórí dísíìkì) sì máa ń tú u palẹ̀ kí wọ́n tó tọ́jú orúkọ fáìlì: e lọ́tọ̀, àmì òkè lọ́tọ̀, 65 cc 81. Zip ò tún un ṣe, Linux náà ò sì ní tún un ṣe, bí báìtì bá ṣe wà ló ṣe máa ń wò ó. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí Ìgbéyàwó tí ffmpeg ní òun ò rí i, Ìgbéyàwó tiyín àti ti Mac kì í ṣe ọ̀kan náà.

Tiwa gan-an tún le ju ti àwọn tó ń kọ Faransé lọ, torí pé àmì wà lókè, àmì tún wà nísàlẹ̀. Ẹ wo ẹ́ nìkan: ẹnì kan lè fi ẹ tó ti ní àmì ìsàlẹ̀ lára bẹ̀rẹ̀ kó wá lẹ àmì òkè mọ́ ọn, ìyẹn e1 ba b9 cc 81. Ẹlòmíì lè tú gbogbo ẹ̀, 65 cc a3 cc 81. Ẹlòmíì á fi é bẹ̀rẹ̀ kó tó wá fi àmì ìsàlẹ̀ sí i. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló máa hàn bákan náà lójú yín. Ẹ lo kọ́mándì méjì yìí kí ẹ fi wéra, xxd ló ń fi báìtì hàn:

```
ls *.jpg | xxd
xxd aworan.txt
```

Torí náà ẹ má ṣe fi ọwọ́ tẹ orúkọ fáìlì rárá. Ẹ jẹ́ kí kọ̀ǹpútà fúnra ẹ̀ kọ àkójọ yẹn, nítorí bí orúkọ bá ṣe wà lórí dísíìkì gẹ́lẹ́ ló máa ṣe kọ ọ́, iṣẹ́ tiyín ò ní ju kí ẹ gbé láìnì sókè sódò:

```
for f in *.jpg; do printf "file '%s'\nduration 6\n" "$f"; done > aworan.txt
```

Ti "Unsafe file name" yẹn, bí ẹ ò bá sọ nǹkan kan fún un, lẹ́tà a dé z aláìlámì, nọ́ńbà, dọ́ọ̀tì, háífínì àti ìlà ìsàlẹ̀ nìkan ló ń gbà nínú orúkọ. Àlàfo lásán gan-an, kò gbà á. `-safe 0` yín dáa, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

ọjọ́'bí.jpg ní ẹjọ́ tiẹ̀. Àmì ìpajẹ tó wà láàárín yẹn ti pa kóòtù (àmì ' tó yí orúkọ ká) tó ṣí orúkọ dé, lójú ffmpeg orúkọ yẹn ti di ọjọ́bí.jpg, kò sì sí fáìlì tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Kọ́mándì tí mo kọ sókè yẹn ò ní bá yín tún ìyẹn ṣe o, ẹ̀yin lẹ máa lọ tún un ṣe nínú fáìlì, báyìí:

```
file 'ọjọ́'\''bí.jpg'
```

Fọ́tò tó gbẹ̀yìn: ẹ tún orúkọ ẹ̀ kọ lẹ́ẹ̀kan sí i sí ìparí, láì fi duration sábẹ́ ẹ̀. Bí ffmpeg ṣe ń ṣe nìyẹn, ó máa ń fẹ́ rí nǹkan tó tẹ̀ lé e kó tó ka àkókò èyí tó ṣáájú sí.

```
file 'mama_ode.jpg'
duration 8
file 'mama_ode.jpg'
```

ìyá_fọ́tò

Ẹ kú làálàá o, Ọlọ́run á jẹ́ kí Màmá pẹ́ fún yín. Bàbá_tẹ́mínà ti sọ tibi àkójọ, kí n fi ti fọ́tò fúnra ẹ̀ kún un torí ibẹ̀ ni ìṣòro tó kàn máa ti wá. Ó dá mi lójú pé àwọn kan nínú ẹ̀ máa jẹ́ .png, àwọn ẹ̀gbọ́n á ti ya ojú fóònù wọn kí wọ́n tó fi ránṣẹ́. ffmpeg ò fẹ́ kí jpg àti png dàpọ̀ nínú àkójọ concat kan ṣoṣo, irú kan náà ni kí gbogbo ẹ̀ jẹ́. Fọ́tò tí wọ́n dá fóònù dùbúlẹ̀ tàbí dá a dúró yà náà lè hàn ní gbalaja. Ẹ ṣe ẹ̀dà fóldà yẹn kan sọ́tọ̀ ná, ẹ má fọwọ́ kan ojúlówó, kí ẹ wá wọ inú ẹ̀dà, ImageMagick, ètò tí wọ́n fi ń tún fọ́tò ṣe, ni mo ń lò:

```
mogrify -format jpg *.png
mogrify -auto-orient *.jpg
```

Mo ní ẹ̀dà o, nítorí mogrify máa ń kọ tuntun lé àtijọ́ lórí ni.

Ìkejì, fọ́tò àtijọ́ kì í bára mu ní ìwọ̀n, òmíràn gùn òmíràn fẹ̀, H.264 (ìlànà tí wọ́n fi ń fún fídíò pọ̀) sì máa ń kọ̀ bí ìwọ̀n fídíò bá jẹ́ nọ́ńbà tí kò ṣeé pín sí méjì, tẹ́ ẹ bá lo yuv420p (ọ̀nà tí wọ́n fi ń tọ́jú àwọ̀ fídíò) bẹ́ ẹ ṣe lò ó yìí. Kí ẹ kó gbogbo ẹ̀ sínú férémù kan:

```
ffmpeg -f concat -safe 0 -i aworan.txt -vf "scale=1280:720:force_original_aspect_ratio=decrease,pad=1280:720:(ow-iw)/2:(oh-ih)/2,setsar=1" -r 25 -pix_fmt yuv420p fidio.mp4
```

Kò ní fa ojú Màmá gùn, kò sì ní gé orí ẹnikẹ́ni, dúdú ló máa fi dí ẹ̀gbẹ́ tó bá ṣófo. Ẹ má yọ yuv420p yẹn o, òun ló ń jẹ́ kí fídíò ṣí lórí fóònù àti tẹlifíṣàn àwọn tó máa bèèrè fún ẹ̀dà lẹ́yìn òde.

ọmọ_olùkọ́

Ẹ ṣeun púpọ̀ ẹ̀yin àgbà! Òótọ́ ni, xxd fi hàn mí, tèmi jẹ́ c3 a9 tàwọn tó wá láti Mac jẹ́ 65 cc 81. Mo ti jẹ́ kó kọ àkójọ náà fúnra ẹ̀, gbogbo fọ́tò ti ń jáde, èyí tó gbẹ̀yìn sì ń dúró dáadáa. Ìbéèrè méjì ló kù. Àkọ́kọ́, àbúrò mi ṣí fáìlì yẹn lórí Windows ẹ̀, ó tún un tò, ó dá a padà, ó wá ń sọ "Line 1: unknown keyword". Ìkejì, mo fẹ́ kọ orúkọ àwọn èèyàn àti ọdún sísàlẹ̀ fọ́tò, pẹ̀lú àmì tó pé pérépéré, torí pé orúkọ àwọn bàbá ńlá wa ni, mi ò fẹ́ kí wọ́n kọ wọ́n bákan ṣáá níwájú gbogbo ẹbí.

káfíńtà_lórí_lẹ́ńsì

Láìnì kìíní yẹn, BOM ni. Notepad àtijọ́ máa ń fi báìtì mẹ́ta, ef bb bf, síwájú lẹ́tà àkọ́kọ́ tó bá fi UTF-8 pamọ́, ojú ò rí i, ffmpeg ló ń rí i. Láti Windows 10 ẹ̀dà 1903 ni Notepad ti ń fi UTF-8 aláìní BOM pamọ́ fúnra ẹ̀. Lórí Ubuntu tiyín, `sed -i '1s/^\xef\xbb\xbf//' aworan.txt` á bá yín yọ ọ́. Ẹ sì sọ fún àbúrò kó má ṣí i nínú Word láé, Word á sọ ' di ‘ àti ’, ffmpeg ò sì mọ ìyẹn sí kóòtù.

Ohun tí mo tún fẹ́ sọ ni pé tó bá jẹ́ láptọ́ọ̀pù yín gan-an lẹ máa so mọ́ pírójẹ́ktọ̀, kò pọn dandan kí ẹ ṣe fídíò. feh, ètò kékeré tó ń fi fọ́tò hàn, á ṣe é láti inú àkójọ ní tààrà, orúkọ fáìlì kan lórí láìnì kan, kò sí file kò sí duration. Tí ẹ̀gbọ́n bá ní ká pààrọ̀ fọ́tò nígbà tí wọ́n ti ń gbé àga kalẹ̀, ẹ gbé láìnì náà, ẹ tún un ṣí, kò sí pé ẹ ń dúró de fídíò kó jinná. Ẹ kọ eléyìí sínú `~/.config/feh/themes`:

```
ayeye -F -Z -Y -D 6
```

F kún ojú kọ̀ǹpútà, Z fẹ fọ́tò kékeré, Y gbé ọfà máọ̀sì pamọ́, D ni sẹ́kọ́ńdì. Kí ẹ wá ṣe `feh -Tayeye -f akojo.txt`. Ẹ tọ́jú ẹ̀dà akojo.txt síbòmíràn o, nítorí fọ́tò tí feh ò bá rí ṣí, á yọ orúkọ ẹ̀ kúrò nínú fáìlì yẹn tó bá ń kógbá sílé.

bàbá_tẹ́mínà

feh dáa fún bẹ́ẹ̀ yẹn, àmọ́ ti àkọlé tí ọmọ_olùkọ́ ń bèèrè, fídíò ni mo máa bá lọ. Ẹ kọ fáìlì .srt (fáìlì àkọlé fídíò), .txt lásán náà ni, UTF-8:

```
1
00:00:00,000 --> 00:00:06,000
Màmá ní Iléṣà, 1968

2
00:00:06,000 --> 00:00:12,000
Ọjọ́ ìgbéyàwó
```

Láìnì òfìfo gbọ́dọ̀ wà láàárín ìkíní àti ìkejì, kọ́mà ló sì ń ṣáájú mìlì-sẹ́kọ́ńdì, kì í ṣe dọ́ọ̀tì. Ẹ fi èyí kún ìparí -vf tí ìyá_fọ́tò fún yín, lẹ́yìn setsar=1:

```
,subtitles=oro.srt:force_style='FontName=Noto Sans'
```

libass ló ń ya ọ̀rọ̀ yẹn, HarfBuzz ló sì ń bá a to àmì, ìdí nìyẹn tí ẹ́ àti ọ̀ fi máa jókòó síbi tó yẹ tí fọ́ǹtì bá ti ní wọn, Noto Sans sì ní wọn. Kí gbogbo fọ́tò lo sẹ́kọ́ńdì mẹ́fà mẹ́fà, ẹ jẹ́ kí èyí tó gbẹ̀yìn nìkan lo mẹ́jọ. Tí wọ́n bá wá ní kí ẹ gbé fọ́tò kan síwájú, àkókò inú .srt ò ní yí padà, ọ̀rọ̀ nìkan lẹ máa gbé tẹ̀ lé e.