Àwa 12 fẹ́ sun orí òkè mọ́jú: báwo ni ká ṣe di ẹrù?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Láàárọ̀ Sátidé la ó gbéra n'Ílọrin lọ sórí òkè lápá Ìfẹ́lódùn. Ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè la ó sọ̀ kalẹ̀.

Omi ló gbà mí lọ́kàn jù. Lítà 3 fún ẹnì kan lójúmọ́, lítà 72 ni gbogbo rẹ̀. Báàgì píọ̀ wọ́tà kan, ọ̀rá 20, jẹ́ lítà 10, nítorí náà báàgì 8. Bí a bá pín in, ó lé ní kílò 6 lẹ́yìn ẹnì kọ̀ọ̀kan, aṣọ ò tíì wọ̀ ọ́. Ọ̀rá sì máa ń bẹ́ bí etí ìkòkò bá gún un, á wá rin gàrí àti kúbùsù gbindin. Ṣé ká kúkú dà á sínú kẹ́ẹ̀gì lítà 5?

Gàrí, kúlíkúlí àti ẹ̀pà ni oúnjẹ. Mo ti yọ wàrà kúrò, oòrùn á ti mú un kan kó tó di ọ̀sán.

Ọyẹ́ ti dé, òtútù ilẹ̀ àpáta kì í ṣe kékeré. Ṣé tapólì lábẹ́ ẹní á tó, àbí kúbùsù méjì-méjì? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti sùn síbẹ̀ rí, ẹ dá mi lóhùn.