Àbọ̀ ọ̀rọ̀ axle Mustang mi

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin ará. Mo bi yín bóyá axle (ọ̀pá tó ń yí táyà ẹ̀yìn) tí ilé-iṣẹ́ fi sábẹ́ ọkọ̀ Mustang GT 1995 mi lè gba agbára ẹṣin 400. Ó gbà á, àfi ìgbà tí mo de táyà slick (táyà eré ìje tí ojú rẹ̀ dán, tó ń di ilẹ̀ mú gan-an). Táyà ojú títì máa ń yọ̀, ìyẹn ló ń yọ axle nínú ewu. Slick kì í yọ̀ bẹ́ẹ̀: bí mo ṣe já clutch sílẹ̀ lójijì, gbogbo ipá wọ ọ̀pá axle yẹn, tó ní eyín 28 lórí. Nígbà tá a fà á yọ, eyín rẹ̀ ti lọ́ bí okùn. Ọwọ́ mi ló fà á o. Ọ̀pá eléyín 31 ni mo rà, differential (jíà tó ń pín agbára fún táyà ẹ̀yìn méjèèjì) náà sì gbọ́dọ̀ yí padà pẹ̀lú rẹ̀ kí eyín wọn lè bára mu (owó ńlá!). Mo ti pa ọ̀rọ̀ yìí dé.