Báípáàsì ọkàn: kí lẹ̀yin rí lára èèyàn yín lẹ́yìn tí ẹ̀jẹ̀ ti gba inú ẹ̀rọ kọjá?

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin tèmi. Tí wọ́n bá ti ṣe báípáàsì ọkàn, iṣẹ́ abẹ tí ẹ̀rọ sábà máa ń gba iṣẹ́ ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró ṣe fúngbà díẹ̀, fún ẹnì kan nílé yín rí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Lọ́ńdọ̀nù níbí ni wọ́n ti ṣe ti dádì mi lọ́dún tó kọjá, dókítà jáde ó ní ó lọ dáadáa, inú wa dùn, àfìgbà tí wọ́n ní ká wá wò ó ní ICU, wọ́ọ̀dù tí wọ́n ti ń ṣọ́ aláìsàn lójú méjèèjì. Ojú ti wú, ìpéǹpéjú ò ṣe é ṣí, ọwọ́ ti tóbi, páìpù méjì jáde láti àyà ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń kán sínú ike kan tí wọ́n gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, nọ́ọ̀sì á bẹ̀rẹ̀ wò ó, á wo ibi tó ga dé, á kọ ọ́ sílẹ̀. Mọ́mì mi káwọ́ lérí. Àbúrò dádì pè láti Abẹ́òkúta pé iṣẹ́ ayé ni, pé ká jẹ́ kóun lọ bá wa wádìí. Nígbà tó dalẹ́ wọ́n tún ní platelets ẹ̀, ìyẹn èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tó ń jẹ́ kó dì, ti lọ sílẹ̀, wọ́n máa fa tẹlòmíì sí i lára. Nọ́ọ̀sì kan, ọmọ Jàmáíkà, ló fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, tó ní ẹ̀jẹ̀ dádì ti yí nínú ike àti rọ́bà fún ju wákàtí kan lọ, pé bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Kò sẹ́ni tó sọ ìkankan nínú ẹ̀ fún wa tẹ́lẹ̀, ìyẹn ló dùn mí jù.

* * *

Àǹtí, ẹ kú àfaradà o. Iṣẹ́ tèmi gan-an lẹ sọ yìí, èmi ni mò ń darí ẹ̀rọ yẹn ní tíátà, perfusionist ni wọ́n ń pè wá. Iṣẹ́ ayé kọ́ o. Iṣan ẹ̀jẹ̀ wa ní awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan nínú tó ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán tòru kí ẹ̀jẹ̀ má bàa dì, ike ò sì ní irú awọ bẹ́ẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ṣe kan ike báyìí, kó tó di sẹ́kọ́ńdù mélòó kan, púrótéènì inú ẹ̀jẹ̀ á ti lẹ̀ mọ́ ọn, pàápàá èyí tó ń jẹ́ fibrinogen, platelets á rí i, wọ́n á fi í pe ojú ọgbẹ́, wọ́n á rọ́ gìrìrì lọ síbẹ̀. Factor XII, púrótéènì tó ń ti ẹ̀jẹ̀ sí dídì, á jí, complement, àwọn púrótéènì tó ń gbèjà ara, á dìde, sẹ́ẹ̀lì funfun náà á máa tú oró wọn. Ojú iṣan á wá bẹ̀rẹ̀ sí í jò, omi á bọ́ sínú ẹran ara, wíwú tẹ́ ẹ rí nìyẹn. Omi tá a máa ń rọ sínú ẹ̀rọ ká tó so ó mọ́ èèyàn náà wà ńbẹ̀, ó máa ń ju lítà kan lọ, ó ń bu omi la ẹ̀jẹ̀. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń kan ike jù ni oxygenator, èyí tó ń ṣiṣẹ́ ẹ̀dọ̀fóró. Pọ́nrán polypropylene tín-ín-tìn-ìn-tín tó ní ihò nínú ni wọ́n tò jọ síbẹ̀, tẹ́ ẹ bá tẹ́ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ ó máa tó ilẹ̀kùn yàrá kan.

Ìdí nìyẹn tá ò kì í bẹ̀rẹ̀ láìfún èèyàn ní heparin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. A ó bu ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sínú tíúbù kékeré, ẹ̀rọ á ka sẹ́kọ́ńdù tó fi dì, ACT ni wọ́n ń pè é. Ti ẹni tí wọn ò tíì fún ní nǹkan kan sábà máa ń dì láàárín bí ìṣẹ́jú méjì, àwa ò ní bẹ̀rẹ̀ tí ò bá tíì kọjá 400 sẹ́kọ́ńdù, ibòmíì 480 ni wọ́n fẹ́. Tí mo bá rí i pé ó ń wálẹ̀, ọkàn mi kì í balẹ̀ rárá. Nígbà tí Dókítà John Gibbon kọ́kọ́ fi irú ẹ̀rọ yìí ṣàṣeyọrí ní Philadelphia ní 1953, lára ọmọbìnrin ọmọ ọdún 18, ìṣẹ́jú 26 péré ni ẹ̀rọ fi gba gbogbo iṣẹ́ ọkàn ṣe, síbẹ̀ heparin ò tó, ẹ̀jẹ̀ ti ń dì nínú ẹ̀rọ. Ọlọ́run ló yọ wọ́n.

Ní báyìí wọ́n ti ń fi nǹkan pa inú páìpù, òmíì heparin fúnra ẹ̀, òmíì phosphorylcholine tó jọ ara sẹ́ẹ̀lì, ó ń ṣèrànwọ́ àmọ́ kò parí ọ̀rọ̀. Èyí tó burú jù lójú tèmi ni ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà látinú àyà, tó ti kan afẹ́fẹ́ àti ẹran, tí wọ́n tún dá padà tààrà. Èmi máa ń fẹ́ ká fi ẹ̀rọ fọ̀ ọ́ ná, bó tilẹ̀ jẹ́ pé fífọ̀ yẹn náà ń kó platelets dànù.

* * *

Bọ̀dá, ẹ ṣeun, Ọlọ́run á máa fún yín lágbára. Ti ẹ̀gbọ́n mi, Alhaji, ní Manchester, wọ́n bi í pé ṣé ẹja ń bá a lára mu, a rò pé oúnjẹ ni wọ́n fẹ́ fún un. Àṣé protamine tí wọ́n fi ń pa agbára heparin tí wọ́n bá ti yọ èèyàn kúrò lára ẹ̀rọ, inú àtọ̀ ẹja ló ti wá, ara ẹlòmíì lè kọ̀ ọ́. Heparin ńkọ́? Ìfun ẹlẹ́dẹ̀ ni. Dókítà ò fi pa mọ́ fún un, Alhaji dákẹ́ títí, ó pe àáfà ẹ̀ ní Ìwó, àáfà ní nítorí ẹ̀mí, tí ò bá ti sí òmíì, kó gbà á. Ó gbà á. Òun náà wú o, ó tún ń gbàgbé nǹkan fúngbà díẹ̀, àmọ́ ẹni tó ń darí ẹ̀rọ ti wá bá wa lórí bẹ́ẹ̀dì lọ́jọ́ tó ṣáájú, ó ti ṣàlàyé gbogbo ẹ̀, kò sẹ́ni tó sunkún nínú wa. Ẹ̀yin tí èèyàn yín ń múra ẹ̀ lọ́wọ́, ẹ ní kí wọ́n pe ẹni yẹn fún yín, ẹ̀tọ́ yín ni.

Ẹni tí wọ́n ṣe tiẹ̀ láìlo ẹ̀rọ rárá, tí ọkàn ṣì ń lù, ẹ jọ̀ọ́ ẹ sọ bó ṣe rí, torí ohun tí wọ́n fi lọ àbúrò ọkọ mi nìyẹn, kò sì tíì mọ èyí tó máa mú.